Kì Í Ṣe Òjò Ló Jẹ̀bi

Ní ilé wa ní Ìbàdàn, bí òjò bá ṣú, kì í ṣe aṣọ orí okùn ni a kọ́kọ́ máa ń sáré lọ ká. Abọ́ ni a máa ń wá. Abọ́ ńlá kan wà fún igun tó wà lókè ìrọ̀rí Ìyá àgbà, korobá kan wà fún ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìkòkò àtijọ́ kan tí kò ní ìdérí mọ́ sì wà fún àárín yàrá. Èmi ni mo máa ń tò wọ́n, nítorí èmi ni mo mọ ibi tí omi ń kán sí. Mo mọ̀ ọ́n àní nínú òkùnkùn.

Yàrá tí mo ń sọ yìí kì í ṣe yàrá àtijọ́. Bàbá mi kọ́ ọ kún ẹ̀yìn ilé wa ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí Ìyá àgbà lè dá gbé lábúlé mọ́. Owó àjọ ọdún kan àti ààbọ̀ ni màámi kó lé e. Ilé àtijọ́ tí a fi í kún, tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà kí wọ́n tó bí mi, kò jò rí. Yàrá tuntun ló ń jò. Bí ẹ bá sì wò ó dáadáa, kì í ṣe gbogbo yàrá tuntun náà ló ń jò. Ibi tí òrùlé rẹ̀ ti pàdé òrùlé àtijọ́ nìkan ni.

Àwọn àgbà tó ń wá kí Ìyá àgbà máa ń gbójú sókè wo àjà tí omi ti ya máàpù sí. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní òjò ayé ìsinsìnyí kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò àtijọ́. Òmíràn á ní páànù òde òní ló fẹ́lẹ́ bíi bébà. Òmíràn á ní kò sí ilé tí kì í jò, pé ti àwọn tó kọ́lé sí Bódìjà gan-an ń jò. Wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á lọ. Mi ò kọ àdúrà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ níhìn-ín pé kì í ṣe òjò ló jẹ̀bi, kì í sì í ṣe páànù. Ojú ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́ ni ẹjọ́ wà, àwọn tó dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kàn án sì mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe.

Òrùlé àtijọ́ wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí méjèèjì. Ẹni tó bá gun òkè Mápó láti wo Ìbàdàn, òrùlé páànù pupa ni yóò kọ́kọ́ rí, púpọ̀ nínú wọn dàgbà ju bàbá mi lọ, àwọn èèyàn ṣì ń sùn gbẹ lábẹ́ wọn. Bí òjò bá le tó bí àwọn àlejò wa ṣe ń wí, ṣé yàrá Ìyá àgbà nìkan ló mọ̀ ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Apá òrùlé àtijọ́ tó dà sórí yàrá tuntun fẹ̀ ní mítà 4, ó sì gùn ní mítà 5 láti góńgó dé etí. Mítà 20 onígun mẹ́rin nìyẹn. Ẹ gbé agolo síta nígbà òjò ńlá, kí omi inú rẹ̀ ga tó mìlímítà 50. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé lítà 50 ló bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀nà 20, ó di lítà 1,000. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí a fi ń pọn omi, 40 rẹ̀ nìyẹn. Tọ́ọ̀nù omi kan, tó ń gba ojú ìpàdé tí kò gùn ju mítà 4 kọjá ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí a tó kọ́ yàrá náà, omi yìí kan náà ń ti etí òrùlé ṣàn sílẹ̀. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni. A máa ń gbé korobá sí i láti fi fọ aṣọ ilé ìwé. Nígbà tí a kọ́lé síbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé omi náà yóò wá gba ibo. A kàn gbé orí Ìyá àgbà sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.

Bàbá àgbà kan wà ní òpópónà kejì sí tiwa tí wọ́n ti fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀ nítorí ojú. Mo lọ bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ Sátidé kan. Wọn kò lè gun òkè mọ́, nítorí náà wọ́n ní kí èmi gun àkàbà, kí n máa sọ ohun tí mo bá rí, àwọn á máa ti ìsàlẹ̀ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi. (Aládùúgbò wa kan ń pariwo pé kí ni ọmọbìnrin ń wá lórí òrùlé. Ilé tiwọn náà ń jò.)

Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n na okùn láti orí òrùlé tuntun, ní ẹ̀gbẹ́ ilé àtijọ́, lọ sí etí rẹ̀ ní ìta, kí n fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì mú okùn náà dọ́gba, kí n wá wọn bí etí òrùlé ṣe rẹlẹ̀ sí okùn tó. Mo wọ̀n ọ́n. Sẹ̀ǹtímítà 15 ni. Lórí yàrá tó fẹ̀ ní mítà 3, òrùlé náà kò sọ̀kalẹ̀ ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ tẹ́ ẹní fún omi nìyẹn, ẹ ní kó máa sùn."

Ìdá kan nínú márùn-ún ni àwọn máa ń lò nígbà tí àwọn ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni pé mítà 3 gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60. Mo bi wọ́n pé kí ló burú nínú kí omi rọra máa lọ, ṣebí yóò ṣáà lọ. Ìdáhùn tí wọ́n fún mi ni mo wá bá nínú ìwé físíìsì wa lẹ́yìn náà, ó kàn jẹ́ pé ìwé kò sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Omi tó ń sáré máa ń fẹ́lẹ́ lórí páànù. Omi tí kò rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sá lọ máa ń kún, á ga, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Níbi tí páànù méjì bá sì ti lẹ̀ mọ́ra, tí àyè àárín wọn kò ju fọ́nrán irun lọ, omi lè gòkè gbà á bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú fìtílà. Kò sẹ́ni tó ń ti kẹrosíìnì, síbẹ̀ ó ń gòkè. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè kó sí i. Àwa la ẹnu fún un.

Wọ́n ní kí n ti rúlà bọ abẹ́ páànù àtijọ́ kí n wo bí tuntun ṣe wọ abẹ́ rẹ̀ tó. Sẹ̀ǹtímítà 5. Ìka mẹ́ta! Lórí òrùlé tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dáadáa, ó yẹ kí páànù òkè gun orí ti ìsàlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán. Bí òrùlé bá ṣe ń tẹ́jú sí i ni ó yẹ kí èyí máa gùn sí i, kódà dé 30. Tiwa tẹ́jú bíi tábìlì, ìka mẹ́ta ni wọ́n fi wọ̀ ọ́.

Níbẹ̀ ni ohun kan tó ti ń yà mí lẹ́nu tipẹ́ ti yé mi. Òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta àti ìkẹrin ló máa ń kó omi bá Ìyá àgbà jù. Òjò oṣù keje tó ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé bí òjò ṣe pọ̀ tó ni ọ̀rọ̀ náà, ṣé oṣù keje kọ́ ni ì bá burú jù? Olùkọ́ jọ́gíráfì wa ti kọ́ wa pé ìjì tó ń ṣáájú òjò níbẹ̀rẹ̀ ọdún sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, pé afẹ́fẹ́ òjò àárín ọdún ló ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá láti ojú òkun. Ẹ̀yìn ilé wa kọjú sí ìlà-oòrùn. Ìjì àkọ́rọ̀ ń fẹ́ wá láti iwájú òrùlé tuntun, ó ń ti omi padà sókè, ó ń gbá a wọ abẹ́ páànù àtijọ́. Omi kò nílò ju ìka mẹ́ta lọ kó tó dé orí àjà. Káfíńtà tó bá bi onílé pé "ìjì yín ń ti ibo wá?" kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí kò mọṣẹ́. Òun gan-an ló mọ̀ ọ́n.

Nípa ti ìṣó, mi ò ní sọ púpọ̀. Páànù ní ibi tó yọ gegele, ó sì ní kòtò. Inú kòtò ni omi ń gbà. Orí gegele ni a ń kan ìṣó sí, pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ orí rẹ̀. Mo ka ìṣó mọ́kànlá nínú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìpàdé nìkan, mo sì dákẹ́ kíkà.

Ohun tó bí mi nínú jù ni sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà dúdú. Nígbà tí iṣẹ́ parí tí imọ́lẹ̀ ń wọlé láti ojú ìpàdé, wọ́n po sìmẹ́ǹtì, wọ́n fi dí i. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì là, wọ́n kun ọ̀dà dúdú lé e. Nígbà tí ọ̀dà là, wọ́n tún kun òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ní ọdún méjì. Mo rò pé àwọn tó ń ta ọ̀dà dúdú nìkan ló yẹ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀. Páànù tuntun wa jẹ́ alumíníọ̀mù. Bí ooru rẹ̀ bá ti orí ìwọ̀n 25 ní òwúrọ̀ gòkè dé 65 nínú oòrùn ọ̀sán, páànù mítà 3 yóò gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà 3, ní alẹ́ yóò tún sún kì. Ojoojúmọ́ ni. Sìmẹ́ǹtì kì í bá a nà bẹ́ẹ̀, nítorí náà yóò là, kì í ṣe bóyá. Yàtọ̀ sí èyí, bí sìmẹ́ǹtì tútù bá kan alumíníọ̀mù, ó ń jẹ ẹ́. Olùkọ́ kẹ́mísírì wa tún fi yé mi pé bí alumíníọ̀mù bá fara kan irin tó ti dípẹtà, tí omi wà láàárín wọn, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹ lọ, nítorí ó yá ara ju irin lọ. Ó yẹ kí a fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ là wọ́n. Ní ilé wa, a fi tuntun lé àtijọ́ ní ìhòòhò, a fi sìmẹ́ǹtì dì í, a wá ń sọ pé páànù òde òní kò dára.

Kò sí èyí tó jẹ́ ọgbọ́n tuntun nínú gbogbo ohun tí Bàbá náà sọ. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n fi koríko bẹẹrẹ àti ewé gbòdògí bo ilé, òrùlé wọn dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gan-an, nítorí koríko tó bá tẹ́jú yóò mu omi. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bò ó gòkè, kí ti òkè lè gorí ti ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń fi amọ̀ sísun bo ilé ní Brazil, níbi tí àwọn Àgùdà tó padà wá sí Èkó ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà, òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá fẹ́ fa òrùlé alámọ̀ gùn kì í kàn gbé tuntun ti etí àtijọ́. Yóò kọ́kọ́ tú ìlà tó kẹ́yìn lára ti àtijọ́, yóò fa igi abẹ́ rẹ̀ gùn ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kan náà, yóò wá to tuntun láti ìsàlẹ̀ títí yóò fi wọ abẹ́ èyí tó wà lókè. Koríko ni o, amọ̀ ni o, irin ni o, omi kò mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó bá wà lókè ló gbọ́dọ̀ da aṣọ bo ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Mo dárúkọ amọ̀ nítorí ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wá lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ká tú páànù náà dànù, ká fi amọ̀ sísun bo yàrá Ìyá àgbà bíi ti ilé olówó kan tí àwọn rí, pé amọ̀ kì í dípẹtà. Òótọ́ ni, kì í dípẹtà. Ó sì máa ń tutù, kì í pariwo bí òjò bá ń rọ̀. Bàbá mi ti fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n òrùlé tuntun náà tó mítà 12 onígun mẹ́rin. Páànù onírin lásán tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ ìdajì mìlímítà kò wúwo ju kílò 4 àti ààbọ̀ lọ lórí mítà kan, alumíníọ̀mù tiwa kò tilẹ̀ tó kílò 2. Amọ̀ sísun sábà máa ń wà láàárín kílò 40 sí 60. Ìyẹn yóò jẹ́ kílò 480 ó kéré tán lórí igi tí a rà láti gbé nǹkan bíi kílò 24. Amọ̀ tún fẹ́ kí òrùlé dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ju páànù lọ. Nítorí náà, lórí òrùlé wa tó tẹ́jú yẹn, yóò jò, yóò sì tún wó. Àwa èèyàn mi fẹ́ràn kí a ra ohun tó wọ́n ju kí a tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Mo rò pé nítorí ohun tó wọ́n ni àlejò ń rí.

Mo dé ibi tó nira fún mi láti kọ.

Títí di oṣù mélòó kan sẹ́yìn, káfíńtà náà ni mo ń bú lọ́kàn mi. Mo ti kọ àròkọ yìí dé ojú ewé kẹta pẹ̀lú ìbínú sí wọn. Màámi máa ń kó rìsíìtì gbogbo sínú agolo bisikíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo lọ wá iye tí a ra páànù kí n lè kọ ọ́ síbí. Lísìtì tí káfíńtà kọ fún bàbá mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo rí, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé wọn tó dà bí ìṣó títẹ̀. Ní ìlà keje wọ́n kọ: "Páànù pẹlẹbẹ 2, fún ojú ìpàdé." Ẹnì kan fi báírò búlúù fa ìlà sí i kọjá. Mo mọ ìlà náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá mi máa ń fa ìlà sí iṣẹ́ àṣetiléwá mi tí kò bá dára.

Páànù pẹlẹbẹ méjì yẹn ni ohun tí ì bá gbà wá. Wọn ì bá tẹ̀ ẹ́, kí apá òkè rẹ̀ wọ abẹ́ páànù àtijọ́ dáadáa, kí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ gorí tuntun, kí omi tó bá fẹ́ padà sẹ́yìn bá a níbẹ̀. Mo bi bàbá mi. Wọn kò sẹ́. Wọ́n ní owó ti ń tán lọ́jọ́ náà, pé páànù tí kò bo ibì kankan, tí kò sẹ́ni tó máa rí i láti ìta, ló rọrùn láti yọ. Mo tún bi wọ́n nípa ìdàgẹ̀rẹ̀. Àwọn ni àwọn ní kí bíríkìlà fi ìlà búlọ́ọ̀kù méjì kún ògiri ẹ̀yìn, kí àjà yàrá Ìyá àgbà má bàa rẹlẹ̀ sí ti àwọn yòókù. Ìfẹ́ ló fà á. Wọn kò fẹ́ kí ìyá wọn sùn sínú yàrá tó dà bí ilé adìẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń bú bàbá mi níta. Mo ka àròkọ yìí sí wọn létí kí n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní kí n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, pé ohun tí àwọn ṣe ní í jẹ́ ìṣọ́wóná. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀ káfíńtà kò bọ́ nínú ẹjọ́ yìí. Wọ́n mọ̀. Lísìtì wọn fi hàn pé wọ́n mọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé òrùlé kan yóò jò, tó gba owó, tó kàn án, tó fi sìmẹ́ǹtì bo imọ́lẹ̀ kí onílé má bàa rí i, kò lè sọ pé onílé ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà kì í fún aláìsàn ní ìdajì oògùn nítorí ó ní owó kò tó, kó wá sọ pé òun ti wò ó sàn. Ó kéré tán, ì bá ti sọ ọ́ ní gbangba níwájú màámi tó ni owó àjọ: "Ẹ̀yin, bí ẹ bá yọ èyí, yóò jò." Gbólóhùn kan péré.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ sí mi. Wọ́n á ní tálákà ni wá, pé ọ̀nà tó tọ́ wà fún olówó. Owó agolo ọ̀dà dúdú mẹ́ta àti owó iṣẹ́ ẹni tó wá kùn ún ti ju owó páànù pẹlẹbẹ méjì lọ; mo kọ ọ́ sórí bébà lójú bàbá mi. Ìdàgẹ̀rẹ̀ kò tilẹ̀ ní owó kankan nínú. Kàkà bẹ́ẹ̀, búlọ́ọ̀kù tí a rà láti fi ba òrùlé jẹ́ ni a san owó lé lórí. Tálákà gan-an ni kò yẹ kó kan òrùlé lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n á tún ní ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mi ò sì mọ iṣẹ́ káfíńtà. Ohun tí mo mọ̀ ni rúlà, okùn àti ìṣirò, tí ìjọba àti àwọn òbí wa ń sanwó kí a lè kọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ dárí jì mí, a ti wá ìdàgẹ̀rẹ̀ ìlà lórí bébà títí ó fi sú wa, kò sẹ́ni tó mú wa jáde lọ wọn òrùlé kíláàsì tiwa. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ní kíláàsì tí a fi kún kíláàsì. Ẹ kó àwọn ọmọ yín jáde lọ wo ojú ìpàdé wọn, kí ẹ sì wo àjà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tó ń gbèrò láti fa ilé yín gùn, ẹ má yọ ohun tí kò hàn kúrò nínú lísìtì. Bí owó kò bá tó, ẹ dín ìbú yàrá kù, tàbí kí ẹ fi ọ̀dà ògiri sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà wá wo ibi tí òrùlé yóò gùn lé kí bíríkìlà tó gbé ògiri parí, nítorí lẹ́yìn tí ògiri bá ti ga, kò sí ohun tí káfíńtà lè ṣe mọ́ ju kó tẹ́ ẹní fún omi lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ igi àtijọ́ wò kí wọ́n tó so tuntun mọ́ ọn. Igi tí ikán ti jẹ kò lè di ẹnikẹ́ni mú. Ẹ má sì san owó tó kù tán kí ẹ tó da omi sí orí òrùlé náà. Kẹ́ẹ̀gì méjì ti tó. Láti òkè ni kí ẹ ti dà á, ní orí òrùlé àtijọ́, kí ẹnì kan dúró sínú yàrá kó máa wòkè. Káfíńtà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí èyí. Bàbá àgbà tó kọ́ mi sọ fún mi pé àwọn máa ń da omi náà fúnra àwọn, pé ibẹ̀ ni àwọn ti ń gbádùn iṣẹ́ àwọn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, bíríkìlà yóò wá yọ ìlà búlọ́ọ̀kù méjì kúrò lórí ògiri ẹ̀yìn. Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 22 àti ààbọ̀, méjì di 45, tí a bá fi 15 tó wà níbẹ̀ kún un, ó di 60. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ga jù nílé wa ti lọ dúró sí ìdí ògiri náà, orí rẹ̀ kò dé ibi tí a fàmì sí. Káfíńtà kan náà ni bàbá mi pè padà. Nígbà tí wọ́n fi lísìtì àtijọ́ hàn wọ́n, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ṣebí mo kọ ọ́." Bàbá mi ní, "Ẹ kọ ọ́, ẹ ò sọ ọ́." Àwọn méjèèjì dákẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ lọ sí ọjà.

Páànù pẹlẹbẹ méjì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Ìyá àgbà tí a gbé síbẹ̀ láti oṣù kẹta. Wọ́n bi mí lálẹ́ àná pé ta ni yóò da omi sórí òrùlé bí iṣẹ́ bá parí. Mo ní èmi ni. Mo ti pọn kẹ́ẹ̀gì méjèèjì sí ẹ̀yìn ilé.